Níbo Lo Fi Ọmọ Mi Sí?

Ilé Ládòkun ló bí Gbádébọ̀, ilé tó ti jọba lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní Òkè-Ayin, ìlú kékeré kan láàárín Ìwéré-Ilé àti Ìgànná. Ẹni tí wọ́n bá bí sírú ilé bẹ́ẹ̀, kó tó mọ ìrìn ló ti mọ̀ pé ilẹ̀ tóun ń tẹ̀, ilẹ̀ baba òun ni. Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kú sí. Àwáwù, ìyàwó àgbẹ̀ kan nínú agboolé kejì, tí ọmọ tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lọ́mọ oṣù méjì, ni wọ́n gbé ọmọ ọba fún pé kó fún un lọ́mú. Odidi ọdún méjì gbáko ló fi mu ún. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ọmọ tó bá mu ọmú obìnrin, ọmọ rẹ̀ ni, àwọn tí obìnrin náà bá sì tún bí, àbúrò rẹ̀ ni wọ́n. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí Gbádébọ̀ ò fi sọ́kàn.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Kàdúná. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fọ bàtà ara wọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Gbádébọ̀ débẹ̀ tó fi rí ẹni tí yóò máa bá a fọ tirẹ̀, ni wọ́n bá ń pè é ní Pírínsì. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó mọ ìbọn yìn, ó mọ ẹṣin gùn, bó bá sì pàṣẹ, àwọn ọkùnrin tó jù ú lọ á dìde dúró kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n yìnbọn lù ú nítan ní Làìbéríà, kò sunkún. Àmọ́ ìràwọ̀ tó ń gun èjìká rẹ̀ kíákíá ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kì í ṣe ìbọn nìkan ló ń gbé e gùn ún. Baba rẹ̀ mọ ẹni tó mọ ẹni. Bí orúkọ bá ti fẹ́ jáde, ọ̀rọ̀ á ti ṣáájú ìwé débi tó yẹ kó dé.

Kẹ́ ẹ sì má ṣì í gbọ́, kì í ṣe pé Gbádébọ̀ fẹ́ràn iṣẹ́ ológun títí bẹ́ẹ̀. Adé ló ń lé. Ayé ti yí, àwọn afọbajẹ ìsinsìnyí ò fẹ́ ọmọ ọba tó kàn jókòó sílé tó ń jẹ iyán. Ẹni tó ti di nǹkan níta ni wọ́n ń wá. Gbádébọ̀ mọ èyí láti kékeré. Gbogbo ọdún tó fi wọ kákí, ààfin Òkè-Ayin ló ń wò.

Ní Òkè-Ayin, ọmọ ọba kì í dá lọ sójú ogun. Láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni, àwọn ọmọ ìlú gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tó di ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún ẹgbẹ̀rin ọmọ ogun, ó wá sílé wá mú ọmọkùnrin méjì tí wọ́n ti wọṣẹ́ ṣọ́jà, ó ní kí wọ́n gbé wọn wá sábẹ́ òun. Samsudeen ọmọ Àdìjátù lọ̀kan. Ìkejì ni Ṣùkúrù, àbígbẹ̀yìn Àwáwù. Àwáwù fúnra rẹ̀ ló fa ọwọ́ Ṣùkúrù lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Àjàní, àbúrò rẹ rèé. Ọmú kan náà lẹ mu." Gbádébọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀."

Apá Màídúgùrì ni wọ́n gbé wọn lọ. Oṣù kejì ni àdó abúgbàù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ pa Samsudeen. Wọ́n sin ín síbẹ̀, wọ́n sì kó aṣọ àsíá wá fún ìyá rẹ̀. Ó dunni, ṣùgbọ́n kò sí àbùkù níbẹ̀. Àdìjátù ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ fọ́mọ rẹ̀, ó sunkún, ó sì padà sóko ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Ti Ṣùkúrù ló le. Ọdún kẹsàn-án sẹ́yìn nìyí. Abúlé kan tó ń jẹ́ Gòròmárí ni wọ́n ní kí Gbádébọ̀ máa ṣọ́, àṣẹ tó sì wá látòkè ni pé kò gbọ́dọ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àsárì, àwọn afẹ̀míṣòfò ya bo ibẹ̀, wọ́n pọ̀ bí eṣú. Gbádébọ̀ mú Ṣùkúrù àti àwọn mọ́kànlá mìíràn lọ sórí afárá tó wọ abúlé náà. Ó ní, "Ẹ di ibí yìí mú. Màá fi mọ́tò ránṣẹ́ sí yín kí wákàtí kan tó pé." Ṣùkúrù kan sárá sí i bí ọmọ ogun ṣe ń kan sárá. Nígbà tó rí i pé ẹnì kankan ò sún mọ́ wọn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbàgbé wa o."

Gbádébọ̀ kó àwọn tó kù, ó sá. Nígbà tó débi tó sá dé, mọ́tò méjì tó ṣófo ló wà nínú ọgbà níbẹ̀. Kò rán ọ̀kankan. Kò sí ọgbọ́n ogun kankan nínú ẹ̀ o, ẹ̀rù ló bà á. Ẹ̀rù bà á pé bóun bá rán mọ́tò padà, wọ́n á mọ̀ lókè pé òun ti kúrò níbi tí wọ́n ní kóun má kúrò. Ṣùkúrù pè é lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò náà ò tíì dé." Gbádébọ̀ ní ó ń bọ̀. Ó tún pè, ó tún ní ó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó pè, Gbádébọ̀ ń wo fóònù lórí tábìlì títí ó fi dákẹ́.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó padà lọ gba Gòròmárí. Àwọn ọmọ ogun tó wá láti ibòmíràn ló gbẹ́ kòtò, wọn ò mọ àwọn tí wọ́n ń sin, torí àwọn afẹ̀míṣòfò ti bọ́ kákí lára wọn. Gbádébọ̀ nìkan ló mọ̀ wọ́n. Ó rí Ṣùkúrù. Àpá kan wà lágbọ̀n rẹ̀, èyí tó ní nígbà tó já bọ́ lórí igi ìgbá ní kékeré, òun ló fi dá a mọ̀. Kòtò kan ṣoṣo ni wọ́n kó àwọn méjìlá sí. Gbádébọ̀ dúró ti kòtò náà títí wọ́n fi bò ó, kò sì la ẹnu pe orúkọ ẹnì kankan.

Ó wá lọ jókòó, ó kọ ìwé sáwọn ọ̀gá rẹ̀. Ó ní àwọn méjìlá tóun fi ṣọ́ afárá ló sá lọ. Ó ní àwọn ló jẹ́ kí ọ̀tá ráyè wọlé, àti pé ọgbọ́n lòun fi kó àwọn yòókù yọ. Ìkà lèèyàn. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ, nígbà tọ́dún sì yí po, wọ́n sọ ọ́ di Kọ́nẹ́ẹ̀lì.

Ìwé kan wá sí Òkè-Ayin pé Ṣùkúrù fi ojú ogun sílẹ̀, pé ẹni tó bá rí i kó fi tó ìjọba létí. Látọjọ́ náà ni Àwáwù ò ti ní àlàáfíà. Bó bá wọ mọ́sálásí, àwọn obìnrin á rọra sún. Bó bá lọ sọ́jà Ìwéré-Ilé, á gbọ́ tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ìyá ojo nìyẹn. Ohun tó ń jẹ ẹ́ ju ìtìjú lọ. Ṣé ọmọ òun wà láyé ni, àbí kò sí? Kò lè ṣàdúà òkú fún un, kò sì lè retí rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Gbogbo Iléyá ló ń yọ ẹran ti Ṣùkúrù sọ́tọ̀, tí yóò sá a títí yóò fi le koránkorán. Màríámù, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń bá a gbé, bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fi sílẹ̀. Àwáwù ní, "Bí mo bá fi sílẹ̀, tó bá wá dé ńkọ́?"

Gbogbo ìgbà tí Gbádébọ̀ bá wálé ló ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó bá a fi páànù tuntun kan ilé. Àwáwù á gbé omi fún un, á jókòó tì í, á wá bi í pé, "Àjàní, ṣé o ti gbọ́ nǹkan nípa àbúrò rẹ?" Á ní, "Mi ò tíì gbọ́ o, Ìyá." Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ẹni tó pa òwe yẹn ò gbé Òkè-Ayin.

Ìgbà tó wá yá, Kọ́nẹ́ẹ̀lì fẹ̀yìn tì. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí ọba wàjà, ló bá kan ilé Ládòkun. Àwọn afọbajẹ jókòó lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n mú Gbádébọ̀. Ohun tó ti ń lé láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n wá bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ku ohun kan ṣoṣo.

Ohun náà ni wọ́n ń pè ní omi ẹsẹ̀. Ọmọ ọba tó bá ti lọ sójú ogun rí kò gbọ́dọ̀ wọ ìpèbí, ilé ìjókòó ọba tuntun, láì jẹ́ pé àwọn ìyá tó fọmọ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Á jókòó lẹ́nu ọ̀nà ààfin, láìdé fìlà, láìwọ bàtà. Ìyá kọ̀ọ̀kan tí ọmọ rẹ̀ ò bá a bọ̀ á gbé igbá omi wá, á bi í pé, "Níbo lo fi ọmọ mi sí?" Ó sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń bi í, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń dáhùn. Bó bá ti dáhùn, ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ tún bi í títí tí yóò fi wàjà. Ṣùgbọ́n bó bá kọ̀ tí kò dárúkọ ibì kankan, á dìde níbẹ̀, á máa lọ sílé, adé á sì bọ́ sílé Ṣàngóbùnmi, ilé ọba kejì nínú ìlú náà.

Gbádébọ̀ gba ọ̀dọ̀ Ọ̀tún lọ, Baba Ògúndìran, olórí afọbajẹ. Ó ní, "Baba, ẹ jẹ́ ká fi ti Ìyá Ṣùkúrù sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ò kú sójú ogun, ìwé wà níbẹ̀ pé ó sá ni. Ẹ má jẹ́ ká dójú ti arúgbó láàárín ìlú."

Ọ̀tún wò ó. "Ọmọ ọba, ṣé ẹ mú ọmọ náà kúrò níbí, àbí ẹ ò mú un?"

"Mo mú un, Baba."

"Ṣé ẹ mú un bọ̀?"

Gbádébọ̀ dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀.

Ọ̀tún ní, "Ìwé ìjọba, tìjọba ni. Àwáwù á gbé omi rẹ̀ wá."

Àárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀yẹ́ mú gan-an, ètè gbogbo èèyàn ló là. Gbogbo ìlú pé sẹ́nu ọ̀nà ààfin. Kọ́nẹ́ẹ̀lì jókòó sórí àpótí nínú aṣọ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lórí ilẹ̀. Àdìjátù ló kọ́kọ́ wá. Ó bi í, Gbádébọ̀ ní, "Mo fi í sí itẹ́ òkú àwọn ológun ní Màídúgùrì. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín." Òótọ́ ni. Àdìjátù da omi sí i lẹ́sẹ̀, ó fi ìborùn nu ojú, ó kọjá.

Àwáwù wá gbé igbá tirẹ̀ dé. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, àmọ́ kò jẹ́ kí Màríámù bá òun gbé e. Ó kúnlẹ̀. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ gbé lé e lórúnkún, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé.

"Àjàní," ló wí, "lónìí nìkan ni mo tún lè pè ọ́ bẹ́ẹ̀, lọ́la o ti di Kábíyèsí. Gbọ́ mi. Mi ò bínú sí ẹnì kankan. Bó bá kú, wí fún mi. Ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Màá ṣàdúà ọjọ́ kẹjọ fún un, màá sì sinmi. Mo bẹ̀ ọ́ ni. Níbo lo fi ọmọ mi sí?"

Ẹ ò rí nǹkan. Obìnrin náà ti lanà fún un. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ó kú. Gbádébọ̀ sì fẹ́ sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ sọ ọ́, nítorí ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ ìyá náà. Ó fẹ́ sọ ọ́, kó fi orí lé e léjìká, kó sunkún bí ọmọ tó mu ọmú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ní ó kú, ìlú á ní ta ló wá kọ̀wé pé ó sá? Bó bá kú síbi iṣẹ́, ta ló fi í síbẹ̀, níbo sì ni ẹni náà wà? Ó gbé ojú sókè. Ó rí Ọ̀tún, ó rí àwọn ará ilé Ṣàngóbùnmi tí wọ́n káwọ́ gbera, ó rí ilẹ̀kùn ìpèbí tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá, ẹ má sunkún," ló wí. "Ó wà láàyè. Gòròmárí ló wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni. Ojú ló ń tì í láti wálé, ó ń dáko níbẹ̀."

Àṣà ní kó dárúkọ ibì kan, orúkọ tó wá sí i lẹ́nu nìyẹn. Láti ọdún kẹsàn-án sẹ́yìn, kò sí ìlú mìíràn tó ń gbé inú orí rẹ̀.

Àwáwù ò kígbe. Ó wo ojú rẹ̀ pẹ́, ó wá rọra da omi náà sí i lẹ́sẹ̀, ó ń fi ọwọ́ fọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, omijé rẹ̀ ń bá omi lọ. Nígbà tó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kàn pé, "Ó ń dáko. Ẹ gbọ́ o, Ṣùkúrù mi ń dáko." Àwọn tó ti ń pè é ní ìyá ojo dì mọ́ ọn. Gbádébọ̀ dìde, ó wọ ìpèbí, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ọba ń lò níbẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ rí oòrùn, kò sì gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àyàfi Jẹ́ẹ́dé, àgbà ìránṣẹ́ ààfin tó ń gbé oúnjẹ fún un. Ọjọ́ mẹ́jọ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Gbádébọ̀ ń sùn, ó ń jí, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé arúgbó náà kúkú ń dunnú. Ta ni irọ́ òun wá pa lára?

Ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án ni Jẹ́ẹ́dé gbé iyán wọlé, ó gbé e kalẹ̀, kò sì lọ.

"Kábíyèsí," ló wí, "Ìyá Ṣùkúrù ti lọ."

Gbádébọ̀ rò pé ó kú ni. Mo fẹ́ sọ pé ọkàn rẹ̀ bà jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lára ni pé ara tù ú.

"Lọ síbo?"

"Ó ní òun ń lọ sí Gòròmárí lọ bá ọmọ òun, kójú má baà tì í láti bọ̀. Màríámù ní òun ò lè jẹ́ kí ìyá òun dá lọ, wọ́n jọ lọ ni. Gáréèjì Ṣakí ni wọ́n wà báyìí. Dírẹ́bà kan níbẹ̀ ló ní òun gbọ́ pé ọ̀nà ibẹ̀ ò dáa, ni Màríámù bá pe Ọ̀tún lórí fóònù. Ọ̀tún ní kí n bi yín, torí ẹ̀yin lẹ mọ ibẹ̀. Ṣé ọ̀nà Gòròmárí dáa? Ó ní bí kò bá dáa, òun á ní kí wọ́n padà, òun á sì kọ̀wé sí bárékè lónìí pé kí àwọn ọmọ ogun bá wa lọ mú Ṣùkúrù wálé."

Ọ̀nà Gòròmárí. Abúlé náà ò ní èèyàn mọ́ láti ọdún náà. Kò sí mọ́tò tó ń débẹ̀. Ẹni tó bá kọjá Màídúgùrì gba ọ̀hún, àwọn tó ń gbé inú igbó ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Gbádébọ̀ mọ gbogbo kọ́nà rẹ̀.

Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Kàdúná. Bí wọ́n bá padà, ìwé á lọ sí bárékè. Ẹnì kan á ṣí fáìlì, á béèrè àwọn méjìlá ọjọ́ náà, á sì béèrè ta ló sọ pé ọ̀kan nínú wọn ń dáko. Bí wọ́n bá lọ, tí wọ́n sì bọ̀, wọ́n á wí pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn kì í sábà bọ̀.

Jẹ́ẹ́dé ń dúró. Iyán ń tutù.

"Sọ fún Ọ̀tún," ni Kábíyèsí wí, ohùn rẹ̀ sì balẹ̀ dáadáa, "pé ọ̀nà náà dáa. Kí wọ́n máa lọ."

Jẹ́ẹ́dé dọ̀bálẹ̀, ó jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn dé. Kò lọ jìnnà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbẹ̀ ló ti pe Ọ̀tún, ó sì tún fúnra rẹ̀ pe Màríámù ní gáréèjì Ṣakí, torí ó fẹ́ kí arúgbó náà gbọ́ ọ tààrà. Fóònù rẹ̀ máa ń pariwo, Gbádébọ̀ sì gbọ́ gbogbo ẹ̀ nínú ilé. Ó gbọ́ ohùn Àwáwù láàárín ariwo mọ́tò.

"Bá mi kí Kábíyèsí," ni ìyá náà ń wí. "Sọ fún un pé mo gbọ́. Sọ fún un pé Ọlọ́run á jẹ́ kí adé pẹ́ lórí rẹ̀. Tá a bá ti débẹ̀, màá sọ fún àbúrò rẹ̀ pé òun ló ní ká máa bọ̀."